Bátìrì sikúútà tí kò gba ṣájì mọ́: ṣé ó kú ni àbí ó dákú?

Èèyàn á páàkì sikúútà oníná ẹ̀ sílé fún oṣù mẹ́rin márùn-ún, ọjọ́ tó bá fẹ́ padà gùn ún kò ní tàn, á ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná ara ṣájà á kàn máa tàn gíríìnì bíi pé bátìrì ti kún. Kò kún o. BMS ló tilẹ̀kùn, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì látinú.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì 36 volt, òun ló wọ́pọ̀. Ìdì sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù mẹ́wàá ni wọ́n so tẹ̀lé ara wọn nínú ẹ̀, ìdì kan tó bá kún jẹ́ volt 4.2, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀ fi ń jẹ́ 42 tó bá kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 36 ni wọ́n ń pè é. Tí ìdì kan ṣoṣo bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bíi 2.8 tàbí 2.5, BMS á gé iná. Ibi tí wàhálà wà ni pé BMS gan-an ń jẹ iná, díẹ̀díẹ̀ ni àmọ́ kì í sinmi, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń jò fúnra ẹ̀, torí náà tí wọ́n bá páàkì ẹ̀ nígbà tó ti fẹ́ tán, á ṣì máa wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan gùn ún.

Ibi tó wálẹ̀ dé àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló máa sọ bóyá ó lè jí. Ìdì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fi mítà wọ̀n, torí àpapọ̀ lè jẹ́ 27 kó dà bíi pé kò burú, kó jẹ́ pé mẹ́sàn-án wà ní 3, ìkan tó kù ti gbẹ pátápátá. Tí gbogbo wọn bá wà láàárín 2 sí 3, ìrètí wà. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ 1.5 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé iná nínú sẹ́ẹ̀lì á ti máa yọ́ sínú omi ẹ̀, tí wọ́n bá wá ṣájì í, bàbà yẹn á padà dì síbi tí kò yẹ, ó lè so pósítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, bó ṣe ń gbaná nìyẹn.

Èyí tó ṣeé jí, iná tín-ín-rín ni wọ́n fi ń jí i, kì í ṣe ṣájà ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á lo power supply tó lè dín iná kù, bátìrì 10 amp-hour, 0.5 amp ti tó, títí ìdì kọ̀ọ̀kan á fi dé volt 3, kí ṣájà tó gbà á. Ẹ̀yìn BMS ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ bátìrì lásìkò yẹn, torí náà ìta gbangba ni, wọn ò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀. Tó bá gbóná pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó ń fi wáyà so bátìrì tó kún mọ́ ọn kó lè tètè jí, ewu ńlá ni, kò sóhun tó ń dín iná yẹn kù rárá.

Tó bá kún tán, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n. Ìdì tó bá dá wálẹ̀ láàárín àwọn yòókù ti bà jẹ́ nínú.