Regan, ọmọ Ọba Lear: ìkà tí kì í pariwo

Òṣèrébìnrin tí wọ́n bá gbé ipa Regan fún nínú King Lear, eré Shakespeare, sábà máa ń fajú ro, á sì máa jágbe láti ìran àkọ́kọ́. Ibẹ̀ leré ti ń bàjẹ́. Bí òǹwòran bá ti rí ìkà lójú rẹ̀ kó tó lanu, òpònú ni wọ́n máa ka bàbá tó pín ilẹ̀ fún un sí. Ẹ wo ohun tí Shakespeare kọ sí Ìpín Kejì: lẹ́yìn tí Lear ti gbé Goneril ṣépè, ó yíjú sí Regan, ó ní ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń tuni lára. Ọba rí nǹkan kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kí òṣèré wá nǹkan náà rí: ohùn tútù, ìkúnlẹ̀ tó yá, ọwọ́ tó ń fi kan bàbá rẹ̀ lápá.

Goneril àkọ́bí ló sábà ń dá ọ̀ràn sílẹ̀. Regan ló ń da epo sí i. Nígbà tí bàbá wọn ní kí kálukú sọ bí ìfẹ́ rẹ̀ sí òun ṣe tó, Regan ní ohun tó wà lọ́kàn òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n òun sọ, àfi pé kò sọ ọ́ dé ibi tó yẹ. Nígbà tí Cornwall ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n kan àbà mọ́ Kent, ìránṣẹ́ Lear, lẹ́sẹ̀ títí di ọ̀sán, ó ní ọ̀sán kẹ̀? Títí di alẹ́, kó sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Nítorí náà, kí òṣèré fi bírò fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì sọ gbẹ̀yìn kí tirẹ̀ tó dé, kó má sì mí láàárín méjèèjì. Tó bá dánu dúró, á dà bíi pé ó ń ronú ìkà. Tó bá sọ ọ́ wéré, a ó rí i pé kò tiẹ̀ ná an ní nǹkan kan.

Àwọn mìíràn máa ń fi aṣọ tó fún mọ́ra àti ojú ṣíṣẹ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣeré náà níwájú Ọba James ní Whitehall, 26 Oṣù Kejìlá 1606, ọkùnrin ló ṣe Regan, torí obìnrin kì í ṣeré lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló gbé ìkà rẹ̀.

Ìran tí wọ́n ti ń dín ẹmẹ̀wà ọba kù ló máa ń bàjẹ́ jù. 100 ni Lear ní. Goneril ti gé e sí 50, Regan ní 25 lòun lè gbà. Lear yí padà sí Goneril pé 50 ṣáà jẹ́ ìlọ́po méjì 25. Goneril wá bi í pé kí ló fẹ́ fi 25 ṣe, tàbí 10, tàbí 5. Regan ló kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀: kí lẹ fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe? Bí ìgbà tí wọ́n ń ná ọjà ló rí, kò sì sẹ́ni tí í fi igbe ná ọjà tó mọ̀ pé òun máa rí rà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró sí ọ̀tún Lear, kí èkejì wà lósì, kí ó lè máa yí ọrùn sí iye kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá dúró pọ̀, òǹwòran ò ní mọ ẹni tó gé èwo mọ́. Láàárín ẹ̀ ni Lear ti ní gbogbo ohun tí òun ní lòun fún wọn, Regan sì fèsì pé àsìkò tó yẹ gan-an lẹ fún wa. Kó sọ ọ́ bí ẹni ń dúpẹ́.

Ní ìran ojú, Goneril ló dá a lábàá pé kí wọ́n yọ ojú Gloucester, ìjòyè àgbà tó ran Lear lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Regan ló dúró. Irùngbọ̀n tó máa fà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Tó bá fà á lóòótọ́, á ṣí, ẹ̀rín á sì gba gbọ̀ngàn. Kó kàn di ìka mọ́ ọn, kí Gloucester ju orí ara rẹ̀ síwájú. Ẹni tí wọ́n ń lù ló ń darí ìjà orí ìtàgé. Ẹ yí ẹ̀yìn àga tí wọ́n dè é mọ́ sí òǹwòran. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni omi ṣúgà tó ki, àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ, àti kókò lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ kó lè ṣú. Kí Cornwall fi fóòmù kékeré tó ti mu ún yó pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Kí Gloucester di ojú pinpin. Ẹ nu ilẹ̀ kí ìran tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà.

Ìránṣẹ́ tó gbèjà Gloucester, ìwé eré náà tí wọ́n tẹ̀ ní 1608 sọ pé ẹ̀yìn ni Regan gbà kọlù ú. Ìránṣẹ́ náà kò ní rí i, nítorí náà etí ni kó fi ṣọ́ ọ: Regan á gba idà, á ní tálákà lásán wá ń dìde sí wa báyìí, ìparí gbólóhùn yẹn ni àmì. Kí idà tí kò lẹ́nu gba àárín apá àti ìhà rẹ̀ kọjá, ní ẹ̀gbẹ́ tí òǹwòran ò rí. Lẹ́yìn náà, Cornwall tó ti gbọgbẹ́ ní kí ìyàwó òun fún òun lápá. Shakespeare ò kọ èsì kankan fún un. Àwọn olùdarí kan máa ń jẹ́ kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lójú tèmi, kó fún un. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n ti afọ́jú síta kó máa fi imú gbóòórùn ọ̀nà ìlú Dover, tó wá ń rọra di ọkọ rẹ̀ mú, ó bani lẹ́rù jù.

Ikú rẹ̀ ò gùn. Goneril ti fún un ní májèlé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sì fi hàn: ara mi ò yá, àìsàn ń ṣe mí, ó ń le sí i. Kí ọwọ́ ti wà níkùn kó tó sọ àkọ́kọ́. Wọ́n á mú un jáde, wọ́n á tún gbé òkú rẹ̀ padà wọlé, yóò sì wà nílẹ̀ títí eré fi parí. Ẹ tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, kó kẹ̀yìn sí òǹwòran, kí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ bo àyà àti ikùn rẹ̀ kí mímí rẹ̀ má hàn. Kó mu omi lẹ́yìn ìtàgé kí wọ́n tó gbé e, torí gbọ̀ngàn máa ń pa rọ́rọ́ nígbà tí Lear bá gbé òkú Cordelia, àbíkẹ́yìn rẹ̀, wọlé, ikọ́ òkú kan ṣoṣo á sì bà á jẹ́.