Aago Ló Bí Ìdérí Gíláàsì Inú Pálọ̀

Bí ẹ bá béèrè ibi tí ìdérí gíláàsì tí wọ́n ń fi bo òdòdó, ère kékeré àti aago nínú pálọ̀ ti ṣẹ̀ wá, oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ìlú Paris ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ tọ́ka sí. Wọ́n á ní àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi gíláàsì bo lẹ́tùúsì àti mẹ́lọ̀n nígbà òtútù, pé ẹnìkan gbé ọ̀kan wọlé, ojú rẹ̀ sì fà á mọ́ra. Orúkọ ló ṣì wọ́n lọ́nà. Cloche, agogo tí à ń lù, ni àwọn Faransé ń pe ti oko. Òun náà ni àwọn tó ń tà á lóde òní ń pe ti inú ilé. Láyé àtijọ́, globe ni àwọn Faransé ń pe ti inú ilé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní shade.

Ẹ wo ti oko dáadáa. Gíláàsì rẹ̀ nípọn, ó láwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà, orí ilẹ̀ gbalasa ló sì ń jókòó sí, kò ní ìtẹ́ kankan. Bí ẹ bá fi dé ère, yóò dà bí ẹni pé ère ọ̀hún ti rì sódò. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí ohun tí wọ́n ń kó egungun àwọn ẹni mímọ́ sí. Àpótí ni ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Aago ni bàbá rẹ̀. Ní nǹkan bí 1770 sí 1830, àwọn olówó Paris kì í fi pẹpẹ orí ibi ìdáná inú pálọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yáná nígbà òtútù, sílẹ̀ lófìfo: aago onídẹ tí wọ́n fi wúrà bò ló ń wà níbẹ̀, ère òrìṣà Gíríìkì tàbí ti ọmọdé abìyẹ́ sì máa ń wà lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi wúrà bò ó ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n á po wúrà mọ́ mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára idẹ, wọ́n á wá yáná sí i kí mákúrì bá èéfín lọ, kí wúrà nìkan ṣẹ́kù. Èéfín yẹn ba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ́, bẹ́ẹ̀ wúrà tó ṣẹ́kù kò ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Eérú àti èéfín ibi ìdáná ń bà lé e lójoojúmọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ń fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́. Imú ère ló ń kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà orúnkún àti ìka ọwọ́. Ẹ ṣì máa rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn aago àtijọ́ tí kò ní ìdérí.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, aago mìíràn tún dé ní Faransé, èyí tí kò ní ilé rárá, tí gbogbo eyín inú rẹ̀ wà ní gbangba. Eruku tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á po mọ́ òróró, òróró á ki, ìdí àwọn eyín á máa jẹ, aago á dúró. Ti aago onídẹ lè jẹ́ ti fáàrí, ṣùgbọ́n eléyìí kò lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ láìsí ohun tí a fi bò ó.

Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń ta aago ló kọ́kọ́ ronú kan gíláàsì fífẹ́, kì í ṣe onílé. Onílé ní aago kan. Oníṣọ̀ọ̀bù ní ogún lórí àtẹ, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ dà bíi tuntun. Ó ṣeé ṣe kó ti kọ́kọ́ lo gíláàsì pẹrẹsẹ tí wọ́n so pọ̀ ní igun, kó wá rí i pé ojú ìsopọ̀ ń gba àárín ojú ère kọjá. Ẹ̀rí tó dá wa lójú jù ni ìrísí àwọn ìdérí àtijọ́. Yàtọ̀ sí olóbìrípo, onírìísí ẹyin wà, onígun mẹ́rin tí igun rẹ̀ ká náà wà, torí ìdí aago gùn, kò sì nípọn sẹ́yìn. Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi onírìísí ẹyin bo lẹ́tùúsì ṣe?

Àwọn tó ń fi ẹnu fẹ́ gíláàsì ló ń ṣe é. Wọ́n á fi ọ̀pá irin tó ní ihò bu gíláàsì yíyọ́, wọ́n á máa fẹ́ ẹ, wọ́n á máa fì í kó lè gùn. Tó bá jẹ́ onírìísí ẹyin, inú mọ́ọ̀dù igi tí wọ́n ti rẹ sómi ni wọ́n á ti fẹ́ ẹ parí, torí náà ni igun rẹ̀ ṣe ń fẹ́lẹ́ ju àárín lọ, tó sì jẹ́ ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sán. Wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ààrò, wọ́n á gé ìdí rẹ̀, wọ́n á fi yanrìn àti omi lọ etí rẹ̀. Ìtẹ́ igi tí wọ́n pa láró dúdú ní kòtò tóóró tí etí gíláàsì ń wọ̀. Wọ́n á wá fi okùn onírun múlọ́múlọ́ di àyè tó kù, kí eruku má ráyè, kí gíláàsì má sì máa lu igi.

Nígbà tí gíláàsì wọ́pọ̀, àwọn ìyàwó ilé Faransé gbà á lọ́wọ́ aago. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, adé òdòdó ọsàn tí ìyàwó dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n fi ìda ṣe, kì í lọ sínú àpótí aṣọ. Orí tìmùtìmù àrán pupa ni wọ́n ń gbé e lé, wọ́n á fi ewé idẹ aláwọ̀ wúrà àti dígí wẹ́wẹ́ yí i ká, àdàbà á wà lókè, wọ́n á wá dé e. Wọ́n ní ewé ivy dúró fún ìfaramọ́, ewé oak fún ẹ̀mí gígùn, àti pé iye dígí kéékèèké ni iye ọmọ tí ìyàwó ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kò wọ̀ wá létí tó: ilé iṣẹ́ ló ń ṣe àwọn dígí náà, ó sì jọ pé àlàyé oníṣòwò ni. Bí ọdún ti ń lọ, irun ọmọ àti àwòrán òkú náà ń wọlé síbẹ̀.

Owó orí ló dá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró. Láti 1746 ni ìjọba wọn ti ń gba owó lórí ìwọ̀n gíláàsì, 1845 ni wọ́n sì fagi lé e. Kò pẹ́ sí i tí ìdérí fi kún pálọ̀ wọn: ẹyẹ gbígbẹ, ìkarahun, òdòdó ìda. Emma Peachey, ẹni tó ṣe òdòdó ìda 10,000 fún ìgbéyàwó Ọbabìnrin Victoria ní 1840, kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìpàtẹ ńlá ti 1851 ní London, torí òkè lábẹ́ òrùlé gíláàsì ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, ooru ibẹ̀ á sì yọ́ ọ. Ti ewéko ọ̀mu lábẹ́ gíláàsì ní bàbá tirẹ̀ lọ́tọ̀, Dókítà Nathaniel Ward, tó rí i ní nǹkan bí 1829 pé ọ̀mu hù nínú ìgò tí òun fi kòkòrò tó fẹ́ di labalábá òru sí.

Ọ̀rúndún ogún dé, wọ́n ní ó ń kó eruku, wọ́n kó o sí àjà. Aago nìkan ni kò jù ú sílẹ̀: aago Jámánì tí à ń wáyà lẹ́ẹ̀kan fún 400 ọjọ́ kò ṣeé lò láìsí i, torí atẹ́gùn díẹ̀ báyìí á da pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀ tó ń yí jẹ́jẹ́ rú. Lẹ́nu ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí, Instagram tún ti gbé e padà, pẹ̀lú iná wẹ́wẹ́ àti rósì gbígbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdérí bo nǹkan nílé, kó wọn gíga àárín ohun tó fẹ́ dé, kó wọn ti ẹ̀gbẹ́ náà, torí èjìká gíláàsì ń tẹ̀ wọlé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ yíká, méjì tàbí mẹ́ta lókè. Òdòdó tútù kì í wọ ibẹ̀, yóò hu ẹbu. Ẹ fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń fẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Tí igi rẹ̀ bá dún pàá nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ, ó ti gbẹ. Ẹ tọ́jú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sábẹ́ rẹ̀. Bí gíláàsì bá làágùn láàárọ̀, omi ṣì wà nínú nǹkan kan, ẹ ṣí i. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, àwọ̀ á ṣí, ìda á sì tẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ọwọ́ méjèèjì nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sókè tààrà títí á fi ga ju ohun inú rẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ní kókó lórí, ẹ má ṣe fi kókó yẹn nìkan gbé e.