Kí ló dé tí pléènì ń fa ìrókò ya? Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rèé

Ìrókò ló máa ń tú àṣírí pléènì, irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń fá ojú pákó. Lórí àfàrà tàbí pákó tó rọ̀, pléènì tí wọ́n ò sẹ́ẹ̀tì dáadáa ṣì máa rí nǹkan fá, àmọ́ tó bá dé orí ìrókò tàbí ọ̀gànwó, tí ìlà inú ẹ̀ máa ń lọ síwá sẹ́yìn lójú pákó kan náà, ńṣe lá máa fà á ya, ojú igi á wá rí bíi pé eku jẹ ẹ́. Wọ́n á ní igi ni ò da. Igi kọ́ o, lọ́pọ̀ ìgbà abẹ àti irin tó wà lórí ẹ̀ ni.

Pléènì onírin bíi Stanley No. 4 àti No. 5 là ń sọ (No. 5 yẹn ni wọ́n ń pè ní pléènì jáàkì, bí íńṣì 14 ni gígùn ẹ̀). Abẹ ẹ̀ dùbúlẹ̀ ní dígírì 45, ibi tí wọ́n pọ́n ló máa kọjú sísàlẹ̀. Dígírì 25 sí 30 ni wọ́n ń pọ́n ọn sí, kí ẹ̀yìn ẹ̀ náà sì tẹ́jú kó máa dán níbi ẹnu, torí abẹ tí wọ́n pọ́n lójú kan tí ojú kejì ń ṣe gbágungbàgun, kò tíì mú nìyẹn.

Irin kejì tí wọ́n fi sukúrúù dè mọ́ abẹ, òun gan-an lọ̀gá, òun náà lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Bí èèpo igi tí abẹ ń fá ṣe ń gòkè bọ̀, òun ló máa tẹ̀ ẹ́ síwájú, tó máa ṣẹ́ ẹ kó tó ráyè fa igi ya. Fún fífá àkọ́kọ́, kó fi bíi mílímítà kan sí kan ààbọ̀ jìnnà sí ẹnu abẹ. Fún ìrókò, ìdajì mílímítà, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé méjèèjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀ tí iná ń yọ láàrin wọn, èèpo á máa há síbẹ̀ ni, àfi kí wọ́n fi òkúta tún ẹnu irin yẹn ṣe kó lè jókòó pẹ́kípẹ́kí.

Tí wọ́n bá ti dá a padà sínú pléènì, kápù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ le jù, kó ṣáà ti ṣeé fi àtàǹpàkò tì pa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ idẹ tó wà lẹ́yìn ò ní fẹ́ yí. Wọ́n á kọ́kọ́ fa abẹ wọlé pátápátá, wọ́n á máa ti pléènì lórí pákó àlòkù, wọ́n á máa yí kẹ̀kẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ títí táá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń yí lófìfo díẹ̀ kó tó mú, torí ẹ̀ tí wọ́n bá fa abẹ sẹ́yìn, ìyí tó máa gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwájú, kí abẹ má baà máa sá padà lẹ́nu iṣẹ́.

Tí èèpo apá ọ̀tún bá nípọn ju tòsì lọ, lẹ́fà kékeré tó wà lókè abẹ ni kí wọ́n tì sápá ọ̀tún yẹn, ìyẹn apá ibi tó ti ń jẹ jù. Ẹ̀rún igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fà kọjá igun abẹ méjèèjì á sọ èyí tó yọ jù.

Tó bá ṣì ń ya lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí wọ́n yí pákó padà, kí wọ́n fá a láti ìdí kejì. Àbẹ́là lásán tí wọ́n bá sì fà lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ pléènì, á máa yọ̀ lórí igi bí ọṣẹ, apá ò sì ní tètè ro káfíńtà.