Èbù ni, kì í ṣe "kọ́tíìn"

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Àgbádárìgì níbí, ẹni tó bá ti gbé begonia méjì, òdòdó inú ìkòkò yẹn, sójú fèrèsé, "kọ́tíìn" ló ń tọrọ káàkiri, ìyẹn "cutting" lédè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀ka tàbí ewé tí a gé lára òdòdó láti gbìn. Ìyàwó àbúrò mi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò, ìyá náà wò ó pé kí ló fẹ́ fi aṣọ ojú fèrèsé òun ṣe. Kọ́tìnnì ni etí rẹ̀ gbọ́. Ta ni kò ní gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ní àwọn ń sọ Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ń pè é ní "gígé". Gígé ni iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ṣe, kì í ṣe orúkọ ohun tó kù sí wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní "irúgbìn", èyí ló sì burú jù, torí ó ń ṣini lọ́nà. Begonia ní irúgbìn tirẹ̀, tó kéré bí eruku, èyí tó bá sì hù nínú rẹ̀ lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá. Èyí tí a gé lára ìyá, ìyá náà ló tún padà wá, tòun ti àwọ̀ ewé rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "ọmọ", bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ní gbòǹgbò kí a tó hú u kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Tiwa yìí kò ní nǹkan kan.

Èbù ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Àgbẹ̀ tó gé iṣu láti gbìn, èbù ló gé. Mo ń gbọ́ "bù" nínú rẹ̀: ohun tí a bù lára òmíràn. Wọ́n ní iṣu nìkan ló ni ín. Ta ló pààlà yẹn? Ẹni tó mọ èbù ti mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní ojú, pé omi àpọ̀jù ń mú un jẹrà, pé a kì í hú u wò lójoojúmọ́. Kò sí èyí tí begonia kò fẹ́ níbẹ̀. (Begonia fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni: Michel Bégon, ará Faransé, ni Charles Plumier fi sọ ọ́.)

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti iṣu ni pé èbù iṣu gbé oúnjẹ àti omi tirẹ̀ dání. Ti begonia dà bí àmù tó ń jò nílé tí ọmọ tó ń pọnmi kò tíì dé. Ojú ewé ni omi ń gbà lọ. Gbòǹgbò ni ọmọ tí à ń retí. Kó tó dé, ẹ dín ihò kù, ẹ sì dé àmù. Ìyẹn ni pé ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi láílọ́ọ̀nù tó ń fi inú hàn bò ó, ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti lè pa á.

Begonia tó ní igi, ẹ gé e lábẹ́ ojú, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ lára igi, kí ojú méjì tàbí mẹ́ta kù lára rẹ̀, ẹ fi í sínú omi nínú ìgò. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, gbòǹgbò ti yọ. Irú begonia tí wọ́n ń pè ní rex àti àwọn eléwé ńlá kò nílò igi. Ẹni tó mọ àbámọdá kò ní ṣiyèméjì pé ewé lè bímọ. Ẹ fi abẹ tó mọ́ gé iṣan ńlá ẹ̀yìn ewé níbi mélòó kan, ẹ da ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ ẹ́. Níbi tí iṣan ti gé ni ọmọ yóò ti hù, bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Èérún èèpo àgbọn, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ló dára jù lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ má bu yanrìn etí òkun sí i, iyọ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún ìyá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé wa ní Àjárà pé mo fẹ́ mú èbù begonia wá fún wọn. Wọn kò rí begonia rí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí tó ní ojú ni?"