Ọmọ tó ń dá jókòó táwọn tó kù ń ṣeré, ìgbéraga kọ́ o

Tí ọmọ kan bá ń dá jókòó nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣeré, ohun táa máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ọmọ yẹn ń gbéra ga, àbí pé kò fẹ́ràn èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, fún ọ̀pọ̀ wọn ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́ àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n dá wà ló wù wọ́n, ìyẹn ò burú. Àmọ́ ọmọ táyà ẹ̀ ń já, ó wù ú gan-an kó bá wọn ṣeré, ẹ wò ó dáadáa, á máa wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán, á sún mọ́ wọn díẹ̀, á tún padà sẹ́yìn, torí ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé tóun bá lanu pẹ́nrẹ́n wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ tó kù ò rí ẹ̀rù yẹn o. Ẹni tí kì í dáhùn, tí kì í wojú àwọn ni wọ́n rí, wọ́n á ní kò fẹ́ tàwọn ni, wọn ò sì ní pè é mọ́. Lọ́dún 1982, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta kan, Coie, Dodge àti Coppotelli, ní káwọn ọmọléèwé dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù àti ẹni tí wọn ò fẹ́ràn, ló bá di pé àwọn ọmọ kan wà tẹ́nikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ lápá méjèèjì. Wọn ò kórìíra wọn, wọ́n kàn gbàgbé wọn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bẹ̀rù máa ń bọ́ síbẹ̀, àwọn míì nínú wọn sì rèé, ṣe làwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé inú eré yẹn náà lọmọdé ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà tí wọ́n ń parí ẹ̀, tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n, èyí tí ò bá sí níbẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ẹ̀ á wá máa pọ̀ sí i.

Ẹ má tì í sáàárín wọn tipátipá. Ẹ má sì máa bá a dáhùn ní gbogbo ìgbà, ìfẹ́ ni lóòótọ́ àmọ́ ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé òun ò lè dá a ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè wálé kí wọ́n jọ ṣeré, ọ̀rẹ́ gidi kan máa ń ṣe bẹbẹ. Tí ẹ̀rù yẹn bá ti tó oṣù 6, tó jẹ́ pé láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ló ti ń bà á, kì í ṣe lọ́dọ̀ àgbà nìkan, tó sì ti ń dí i lọ́wọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé, wọ́n á jọ máa kojú ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, látorí kó kí ọmọ kan títí dórí kó lè bi wọ́n pé ṣé kémi náà bá yín gbá bọ́ọ̀lù.