Wọ́n Ti Sanwó, Kí Ló Dé Tí Afinimọ̀nà Ò Fi Kó Wọn Sọdá Ọ̀sà Àgbádárìgì?

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp. Obìnrin kan ló ń ráhùn pé bọ́ọ̀sì àwọn dé Àgbádárìgì nírọ̀lẹ́, ni afinimọ̀nà bá ní òun ò kó ẹnikẹ́ni sọdá sí Gberefu, erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà. Àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá nìyí.

Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló burú nínú kí èèyàn sọdá nírọ̀lẹ́?

Àtisọdá ò le, àtipadà ni wàhálà. Bí ọkọ̀ bá já yín sí Gberefu, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rin yanrìn, ẹ ó ya ibi kànga tí ìtàn ní wọ́n ti ń fún àwọn ẹrú lómi mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ẹ tó dé etí òkun níbi tí wọ́n ti ń kó wọn wọkọ̀ lọ láìpadà mọ́. Fọ́tò tún wà ńbẹ̀. Ẹnì kan á ní òun dijú, wọ́n á tún un yà, ẹlòmíì á ní òun náà dijú. Kí ẹ tó padà sétí ọ̀sà, ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ LASWA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti bójú tó ọ̀nà omi, ò fẹ́ kí ọkọ̀ kó èrò lóru.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń ṣírò àkókò láti ẹ̀yìn wá: ìgbà wo nilẹ̀ ń ṣú? Ìgbà wo la gbọ́dọ̀ kúrò létí òkun? Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Mile 2 bá ti jẹ ọ̀sán tán, ìṣírò ti dàrú.

Ṣebí ìtàn ló yẹ kó máa sọ?

Kó tó sọ̀tàn, orí ni yóò kà: nínú bọ́ọ̀sì, ní èbúté, bí ẹ bá wọkọ̀, bí ẹ bá sọ̀. Òun á wà níwájú, ẹnì kan tó fọkàn tán á kẹ́yìn.

Ṣé wọ́n kàn máa padà sílé ni?

Rárá o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, wà nínú ìlú níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí Seriki Williams Abass ń há ẹrú mọ́ àti ọjà ẹrú Vlekete. Afinimọ̀nà tó bá kọ̀ tí kò ní ètò mìíì nílẹ̀, ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹ bínú sí.

Owó wa ńkọ́?

Ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tí yóò dá padà bí ẹ ò bá sọdá. Owó ọkọ̀ tí atukọ̀ ò tíì gbà kò yẹ kó di àríyànjiyàn.

Kí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù?

Ẹni tó ní “ẹ sún mọ́ra, ọkọ̀ máa gbà wá.” Ẹ tún fa okùn life jacket tí wọ́n bá fún yín wò. Bí ìdè rẹ̀ bá ti já, aṣọ lásán lẹ wọ̀.

Ọmọdé ńkọ́?

Life jacket àgbàlagbà lè bọ́ lọ́rùn ọmọdé nínú omi. Bí wọn ò bá ní tọmọdé, kí ọmọ àti ẹnì kan dúró ní èbúté, bó ti wù kó sunkún tó.