Kábọ́ọ̀nù-14: ohun tí èédú lè sọ nípa Erédò, àti ohun tí kò lè sọ

Bí ọ̀rọ̀ Erédò Ṣùngbọ́ bá dìde láàárín àwa Ìjẹ̀bú, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹlòmíì yóò dá a lóhùn pé kí ló ń jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ṣebí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni, nítorí Bílíkísù Ṣùngbọ́ tó ni ín náà ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Ẹni kẹta yóò wá dá sí i pé òun gbọ́ pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò ju ẹgbẹ̀ta ọdún àti díẹ̀ lọ. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé "carbon dating" (fífi kábọ́ọ̀nù-14 wá ọjọ́ orí nǹkan) kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kẹta ń fi ṣe ẹ̀rí. Báwo ni ẹlẹ́rìí kan ṣe sọ ọ̀rọ̀ méjì? Ká tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an.

Fún ẹni tí kò débẹ̀ rí: yàrà àti odi ni Erédò, wọ́n fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Láwọn ibòmíì, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ nítòsí Òkè-Ẹ̀rì yóò rí ògiri ilẹ̀ pupa méjì tó ga ju ilé lọ, tí èèhọ̀ tútù bò, tí igi òkè sì ti pa orí dé mọ́ ọn, tí ọ̀sán gangan fi dà bí ìrọ̀lẹ́. Ìlú kan wà nítòsí Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ Erédò títí dòní. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, awalẹ̀pìtàn Patrick Darling wá fẹsẹ̀ tọ ọ́ káàkiri inú igbó láàárín àwọn ọdún 1990, òun ló sì jẹ́ kí ayé gbọ́. Láti 1995 ló ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ó dáa. Kí wá ni kábọ́ọ̀nù-14?

Ohunkóhun tó bá lẹ́mìí, ìbáà ṣe ènìyàn, iṣu, ọ̀pẹ tàbí ikán, kábọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù ayé ni wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-12. Kábọ́ọ̀nù-14 wúwo jù ú lọ díẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi: nínú bílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, ẹyọ kan péré ni. Òkè lọ́hùn-ún ló ti ń wá. Ìtànṣán tó ń ti ojú òfuurufú wá máa ń gbá afẹ́fẹ́ òkè, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ tó tú jáde á sì lu náítírójìn tó wà níbẹ̀, náítírójìn náà á di kábọ́ọ̀nù-14. Kò ní pẹ́ tí yóò fi so mọ́ ọ́síjìn, tí yóò di irú afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta. Ewé á fà á wọlé, ewúrẹ́ á jẹ ewé, àwa náà á jẹ ewúrẹ́. Gbogbo wa la jọ ń pín in.

Àmọ́ kábọ́ọ̀nù-14 kì í dúró pẹ́ títí. Ó ń padà di náítírójìn, díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè dá a dúró, ooru kò lè yá a lára, òtútù kò lè fà á sẹ́yìn. Ẹ fi wé ẹni tó ń pa owó lójoojúmọ́ tó sì ń ná an lójoojúmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí owó tó ń wọlé bá bá èyí tó ń jáde dọ́gba, iye tó wà lápò rẹ̀ kì í yí padà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dúró, ìnáwó nìkan ló kù. Ẹni tó bá mọ iye tó máa ń wà lápò náà tẹ́lẹ̀, tó sì mọ ọwọ́ tó fi ń ná an, lè ka èyí tó ṣẹ́kù kó sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ ti dúró. Ikú ni ìdúró iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi, tàbí tí èso já, kábọ́ọ̀nù tuntun kò wọlé mọ́. Èyí tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Ọwọ́ ìnáwó náà ni pé láàárín ọdún 5,730, ìdajì á ti lọ. Kì í ṣe pé tí ọdún 5,730 mìíràn bá tún kọjá, gbogbo rẹ̀ á tán o. Ìdajì ohun tó kù ni yóò tún lọ, yóò wá ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí yóò fi kéré débi pé kò ṣeé kà mọ́, ìyẹn tó bá ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọdún. Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ló fi ọgbọ́n yìí han ayé ní 1949 pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Chicago, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1960.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Erédò. Bí igi kan bá ti kú láti ìgbà Sólómọ́nì, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, kábọ́ọ̀nù-14 tó yẹ kó kù nínú rẹ̀ á jẹ́ bí ìdá 70 nínú 100. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún, á ku bí ìdá 89. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀ta, á ku bí ìdá 93. Ẹ rí i pé láàárín 70 àti 93, kò sí láàbù tó lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Àárín 89 àti 93 ni ọ̀rọ̀ ti ń gba sùúrù, síbẹ̀ àwọn ẹ̀rọ òde òní dá a mọ̀ dáadáa. Nítorí náà àṣìṣe ẹ̀rọ kọ́ ló ń fa àríyànjiyàn wa. Inú erùpẹ̀ ni ká ti lọ wá a.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání: ọjọ́ tí nǹkan kú ni kábọ́ọ̀nù-14 ń sọ. Kò mọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni gbẹ́ yàrà. Àwa la máa fi ọgbọ́n so ọjọ́ ikú igi mọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Àkọ́kọ́, igi fúnra rẹ̀. Ìrókò lè wà lórí ìdúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ti dákẹ́ tipẹ́tipẹ́, èèpo àti abẹ́ èèpo ló ṣì ń gba kábọ́ọ̀nù tuntun. Bí wọ́n bá dáná igi yẹn lónìí, tí èédú tí a ṣà bá jẹ́ ti inú, ọjọ́ orí tó máa fún wa á fi ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti iná náà. Ìdí nìyẹn tí awalẹ̀pìtàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń yọ̀ bó bá rí èkùrọ́ tó jóná tàbí èésan. Ẹyìn kì í dàgbà lórí igi: ọdún tó so náà ló pọ́n, ọdún náà ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n se é, wọ́n fi èésan rẹ̀ dáná. Ní ilẹ̀ ọlọ́pẹ bíi tiwa, ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ṣe é fún wa. Egungun ni ì bá tún dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa wa kíkan, òjò wa pọ̀, kì í jẹ́ kí egungun pẹ́ nínú rẹ̀.

Èkejì, ibi tí wọ́n ti rí èédú, èyí ló le jù. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ Erédò sí kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí. Ẹnìkan lè ti sun oko níbẹ̀ ní irínwó ọdún ṣáájú, tí èédú rẹ̀ ti wọ inú erùpẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ yàrà dé tọkọ́tọkọ́. Erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló wá di ìsàlẹ̀ odi. Erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ yàrà ni wọ́n dà kẹ́yìn, òun ló gun orí odi. Ilẹ̀ ti dojú dé pátápátá, èédú oko ìjelòó sì ti bá a gòkè, ó wọ inú odi tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ inú odi, tó mú èédú yẹn lọ sí láàbù, òótọ́ ni wọ́n máa sọ fún un nípa èédú. Òun ló máa ṣì í sọ nípa odi.

Nítorí náà, ohun tí èédú inú odi lè sọ kò ju pé odi kò dàgbà jù mí lọ. Èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣàn kó sí ìsàlẹ̀ yàrà, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jó o, á sọ òdìkejì: yàrà ti wà kí n tó dé. Èyí tó dára jù lọ ni ti orí ilẹ̀ àtijọ́ gan-an, ilẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, tí odi wá bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bá ojú àdògán níbẹ̀, tí erùpẹ̀ yí i ká ti yán pupa nítorí iná, kò sí pé ó ṣí láti ibòmíì wá. Bí ẹlẹ́rìí kan ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ méjì láì purọ́ nìyẹn. Ọ̀ràn egungun tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú ní Ìwó Eléèrú, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965 náà rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n sọ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún, èédú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe egungun.

Iṣẹ́ láàbù fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sáré kọjá níbẹ̀. Wọ́n á fi ásíìdì wẹ èédú, wọ́n á fi oògùn mìíràn wẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún fi ásíìdì wẹ̀ ẹ́, kí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ àti omi ilẹ̀ tó ti wọ̀ ọ́ lára lè kúrò. Láyé Libby, wọ́n ní láti dúró ti ẹ̀rọ kí wọ́n máa ka bí átọ́ọ̀mù ṣe ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èédú tí wọ́n nílò sì ń pọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀rọ ti wà tó ń ka àwọn átọ́ọ̀mù náà tààrà, tí èédú tí kò ju hóró ìrẹsì lọ fi tó.

Èsì tó ń jáde ni ọ̀pọ̀ ń ṣì kà. Bí ẹ bá rí "600 ± 30 BP" (BP ni "before present", ìyẹn ṣáájú ìsinsìnyí; ± 30 ni iye ọdún tí èsì lè fi lé tàbí dín), kì í ṣe pé kẹ́ ẹ yọ 600 kúrò nínú ọdún tí a wà yìí. Láti 1950 ni wọ́n ti ń kà á padà sẹ́yìn. Bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dán wò lẹ́yìn ogun ti da afẹ́fẹ́ rú, débi pé ní nǹkan bí 1963 kábọ́ọ̀nù-14 inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀: kábọ́ọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ kò fìgbà kankan dọ́gba láti ọ̀rúndún kan dé èkejì, nítorí oòrùn àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Àwọn onímọ̀ wá ń wọn òrùka inú igi tí wọ́n mọ ọdún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ya àwòrán tí wọ́n ń fi tún ọjọ́ orí ṣe. Lára èyí tó jáde ní 2020 ni IntCal20 (ti ìlàjì àríwá ayé) àti SHCal20 (ti ìlàjì gúúsù).

Àwòrán yẹn kò lọ tààrà, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ó sì ṣe wá ní Ìjẹ̀bú pé ọ̀kan nínú ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni ọ̀rúndún kẹrìnlá. Èédú tó bá jẹ́ 600 BP lè bọ́ sí àárín 1300 àti 1370, ó sì lè jẹ́ 1380 sí 1410. Méjèèjì ló bá a mu. Bí awalẹ̀pìtàn bá wá kọ ọjọ́ tó nà sílẹ̀ báyìí, àìmọ̀kan kọ́, òtítọ́ inú ló fi ṣe é. Ẹni tó bá gbé ọdún ẹyọ kan jáde láti ara èédú ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ fura sí.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí a kò lè bi kábọ́ọ̀nù-14 léèrè rárá. Idẹ kò ní ẹ̀mí rí, nítorí náà ẹdan Ògbóni, bó ti wù kó dàgbà tó, kò ní ohun tí ẹ̀rọ yìí máa kà, àfi bí èédú tàbí igi bá wà lára rẹ̀. Òkúta náà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò amọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú ìdí ìkòkò ṣeé wọ̀n, èéfín igi ni. Kò sì sí èédú tó lè sọ bóyá obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ kan wà tó ń jẹ́ Bílíkísù Ṣùngbọ́, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí orúkọ òun má baà parẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Òkè-Ẹ̀rì ṣe ń sọ ọ́. Ìtàn ìyẹn wà láyè tirẹ̀, àwọn tó ń lọ ṣe àbẹ̀wò sí ibojì rẹ̀ kò nílò ìwé láàbù. Ti ayaba Ṣébà nìkan ni mo rò pé ó yẹ ká fi sílẹ̀ báyìí, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọdún.

Awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adísá Ògúnfọ́lákàn ti Ilé-Ìfẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ awalẹ̀pìtàn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tún lọ wa Erédò lọ́nà tí mo ń sọ yìí. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn lágbára ju ẹgbẹ̀rún ọdún tí a ń pariwo. Bí wọ́n bá ní èédú púpọ̀ tí wọ́n mọ èyí tó wà lábẹ́ odi àti èyí tó wà nínú yàrà, ètò yẹn fúnra rẹ̀ á ran ìṣirò lọ́wọ́: ti abẹ́ odi gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí náà ojú kan nínú ojú méjì tí 600 BP ní lè jábọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá wà ni ọjọ́ orí ń bá wí. Kìlómítà 160 kì í ṣe ọ̀gbun kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí apá kan ṣáájú apá kejì. Ẹni tó bá ṣì ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni, kó wá apá tí ẹnikẹ́ni kò tíì wa ilẹ̀ rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú ilẹ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ odi, kó sì ṣa èkùrọ́.